Okùn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Tó bá di ọ̀rọ̀ oyún ẹran, ta ló máa kọ́ Ìyá Ọlọ́sìn? Ẹran ló sìn títí irun orí ẹ̀ fi funfun. Okùn kan ló máa ń so sẹ́nu ọ̀nà ẹran tó bá ti lóyún. Bí oṣù bá ti lé, á ta kókó kan sí i; bó bá bí, á tú u. Ehoro ò jẹ́ kí okùn ẹ̀ kún, kókó kan péré ló ti bí. Ajá, méjì. Ewúrẹ́, márùn-ún. Màlúù á dúró di mẹ́sàn-án bí èèyàn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìkan ni olóríkunkun wọn: á gbé e tó ọdún kan, á tún gbé e kọjá. Ìgbà tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Ọlọ́sìn ò lè sùn. Ọmọ jáde, ara ẹ̀ ń dán. Látìgbà náà ló ti gbà pé ohun tó bá pẹ́ nínú, ó ń gbó ni.

Ìgbàgbọ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin lóyún àkọ́kọ́. Ìyá ta okùn tiẹ̀ náà, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tóun náà lóyún lọ́wọ́, níbi tí àyè wà. Ọkọ ọmọ yìí, bíríkìlà tí kì í sọ̀rọ̀, wò ó títí.

“Màámi, ẹ ò wá ríbòmíì so ìyàwó mi mọ́?”

Màámi rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé okùn ló máa bí i ni.

Kókó pé mẹ́sàn-án, ó kọjá. Agbẹ̀bí ọsibítù ti kìlọ̀ pé tí ọjọ́ tóun dá bá ti lọ, kí wọ́n tètè máa bọ̀. Ọkọ ti ń wá bàtà, àna ẹ̀ ní kó jókòó, kó jẹ́ kọ́mọ gbó. Ọ̀rọ̀ àgbà, ó jókòó. Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà wú. Á gbọ́wọ́ lé ikùn, á máa fetí sílẹ̀ bí ẹni tí olè wà nínú ilé ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ọlọ́sìn tẹ ẹ̀gbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ọlẹ̀ inú ẹ̀ sọ, ó gbá a lọ́wọ́. Ó wọlé, ó gbé ọwọ́ kan náà lé ikùn ọmọ ẹ̀. Ọlẹ̀ ibẹ̀ ò sọ. Ó sún ọwọ́. Ó dúró.

“Ìgbà wo ló sọ gbẹ̀yìn?”

“Àná, Màámi. Bóyá àná. Ẹ̀yin náà lẹ ní ó ń gbó.”

Ní ọsibítù, agbẹ̀bí gbé nǹkan kan bíi fèrè lé ikùn, ó fetí sí i. Ó gbé e síbòmíì. Ó tún gbé e síbòmíì. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní ọkàn ọmọ ṣì ń lù, àmọ́ ó ti ń rẹ̀ ẹ́.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró?”

Bíríkìlà ń wo ilẹ̀. Ì bá wo àna ẹ̀, ì bá sàn.

Wọ́n là á níkùn. Ọmọ jáde, èékánná ẹ̀ gùn, ara ẹ̀ ń bó bí ọ̀dà ògiri, ojú ẹ̀ hunjọ bíi ti arúgbó. Kò ké. Ìyá Ọlọ́sìn, tó ti fi koríko gbo ọmọ ewúrẹ́ tó pọ̀ títí wọ́n fi mí, dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ ara ẹ̀ ló ń gbo. Ó pẹ́ kí ẹkún tó dé, tín-ín-rín ló sì dé.

Wọ́n padà sílé, ìyá nawọ́ láti tú okùn ọmọ ẹ̀.

“Ẹ fi sílẹ̀, Màámi,” lọmọ ẹ̀ wí. “Kẹ́ ẹ lè máa rí i.”

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí tiẹ̀ nígbà tó wù ú. Okùn ìyẹn ti di títú. Tèkejì ṣì wà ńbẹ̀, bí ìyá bá sì nawọ́ láti gba ọmọ-ọmọ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ á kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà yẹn ná.