Ìkúnlẹ̀ Kí Eré Họ́kì Tó Bẹ̀rẹ̀

Láàárọ̀ àná, mo gbọ́ ìró fèrè lórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìkéré. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọmọbìnrin méjìlá ń rọra sáré yí pápá ká, wọ́n ti kó igi họ́kì wọn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jágbe mọ́ wọn. Mo dúró wò wọ́n títí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀. Rárá o.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà, mo sì wà ní ọdún kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Emùré. Àgùnbánirọ̀ obìnrin kan ló kọ́ wa ní họ́kì. Ó ní ká máa kọ́kọ́ sáré díẹ̀díẹ̀, ká fì ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn, ká yí ìbàdí, kí ara lè gbóná. Nígbà tó sin ìlú tán tó sì lọ, ọ̀rẹ́ mi Fọlákẹ́, kápúténì wa, ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Olùkọ́ eré ìdárayá wa kórìíra àṣà yìí. Ọkùnrin náà ní fèrè mẹ́ta, kò ní ọgbọ́n kan. Bàtà kánfáàsì funfun ló máa ń wọ̀, èyí tí kò fi sáré rí.

"Ta ló ń na iṣan fún ìyá yín kó tó lọ oko?" ló máa ń bi wá.

Lọ́jọ́ kan Fọlákẹ́ dá a lóhùn: "Ìyá mi kì í lé bọ́ọ̀lù lóko, sà."

A rẹ́rìn-ín. Kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣa àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀, ara wa ti gbóná kí àwọn àlejò tó dé. Olùkọ́ ní ká tò. Ó ka orúkọ àlejò àti oyè wọn. Nígbà tó rántí pé òun fo oyè ẹnì kan, ó tún gbogbo rẹ̀ kà. Ọyẹ́ ń fẹ́. Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́sẹ̀ sókè sódò lójú kan.

"Ijó lo wá jó níwájú àwọn àgbà?"

"Ara mi ti ń tutù ni, sà."

"Kúnlẹ̀, kó gbóná."

Orí yangí ló kúnlẹ̀ sí títí wọ́n fi pè wá sí eré. Mo wà lórí ìlà, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ gidi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sáré ni iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, eré sì ń lọ. Wọn kò ṣà á mọ́ àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀, kò sì di igi họ́kì mú mọ́ láéláé. Olùkọ́ wa sọ fún àwọn àlejò pé ọmọ náà kò jẹun dáadáa, ó sì ṣí mínírà fún wọn.

Nígbà tí eré parí, a fẹ́ jókòó. "Ulé ni mò ń lọ," ni ẹnì kan tó ń kánjú lọ sílé ń sọ. Fọlákẹ́ gbórí sókè lórí koríko, tomijé tomijé.

"Ẹ má jókòó! Ẹ máa rìn, kí ara yín rọlẹ̀!"

A rìn, ó ń wò wá, títí èémí wa fi balẹ̀.

Lónìí, àwọn olùkọ́ ti mọ ohun tó ń jẹ́ iṣan. Wọ́n ń wò ó lórí fóònù. Síbẹ̀, oṣù tó kọjá, mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n tò sínú oòrùn nítorí àlejò tó pẹ́ dé. Òmùgọ̀ tó ní fèrè kò tíì tán nílẹ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tó wà lórí ìlà, tí a mọ òtítọ́, tí a panu mọ́.