Òǹkà Súńsù Kò Kọjá Ẹ̀jọ

Ẹ̀rọ tí Jàbárù fi ń la pákó ní Kugbo kì í tọrọ gáfárà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gba ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé ìka káfíńtà wà lára ohun tí oníbàárà ní kí wọ́n gé. Kí ẹ̀jẹ̀ tó dá, gbogbo ọjà àga ti gbọ́ títí dé Nyanya, wọ́n sì ti fún un lórúkọ tuntun.

"Ó-Dín-Méjì!" ni Láníyì, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, máa ń pè é láràárọ̀. "Ó-Dín-Méjì, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé àga yín ṣì ń ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, àbí ẹ ti dín òun náà?"

"Tí kò bá pé, ẹsẹ̀ tìẹ ni mo máa fi kún un."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá délé ní Orozo, inú àpò ṣòkòtò ni ọwọ́ òsì yẹn máa ń wà, àfi tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá.

Kì í ṣe ẹni tí ìwé ìròyìn ń wá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún la pákó ní Àbújá, òun ló kan wọ́dúróòbù ìdajì àwọn ilé Lokogoma, kò sì tíì sùn nínú ọ̀kankan rí. Yàrá pọ̀ nínú àwọn ilé náà débi pé alhájì kan sọnù nínú tirẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mẹ́gàádì ló lọ fà á jáde. Ràdíátù, ìyàwó Jàbárù, ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn: Jamilah, ọmọ ọdún méje, tí fòníkú-fọ̀ladìde ti ń bá jà láti ìgbà tó ti ń rákò. Tí àìsàn náà bá dé, inú eegun ló máa ń jókòó sí, á sì máa họ ọ́ bí ajá.

Jamilah ló béèrè ohun tí Láníyì pàápàá kò láyà láti béèrè.

"Dádì, báwo lẹ ṣe wá ń ka ẹ̀wá?"

Ẹlòmíràn ì bá ní kó lọ ka ìwé rẹ̀. Jàbárù yọ ọwọ́ lápò, ó wò ó, ó sì pa irọ́ kan tó fẹ̀ ju Àbújá lọ. Ó ní ìlú kan wà lẹ́yìn àwọn òkè Karshi, Súńsù lorúkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bí gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ìka mẹ́jọ: ọ̀tún márùn-ún, òsì mẹ́ta. Ẹni tó bá ní mẹ́wàá, òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kà níbẹ̀: kín, jàn, tẹ́rẹ́, wúù, pẹ̀pẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tán, lóńdò, ṣíṣì, bámú, tòsì náà tán. Bámú ni òpin. Tó bá ti di bámú, ó ti kún.

"Tí ẹnì kan bá wá ní àgùntàn mẹ́sàn-án ńkọ́?"

"Ìkẹsàn-án kì í ṣe tirẹ̀. Òfin ni. Ohun tó bá ti ju bámú lọ, aládùúgbò ló máa wá gbé e."

Jamilah rò ó wò. "Kódà tó bá jẹ́ ẹrù tó wúwo?"

"Àgàgà tó bá jẹ́ ẹrù tó wúwo."

Ká ní wọ́n gbé òfin yẹn wá sí Àbújá ni, ìdajì Lokogoma ì bá ti wà lẹ́wọ̀n, ìdajì tó kù ì bá ti máa sá gba orí fẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n Orozo nìkan ló dé. Kí oṣù kan tó pé, Jamilah ti ń fi òǹkà Súńsù ka ìgbésẹ̀, ka bọ́tìnnì ìyá rẹ̀, ka oògùn tó ń lò. Ràdíátù figbe ta.

"Bàbá Jamilah, ẹ ti fi òǹkà irọ́ ba ọmọ yìí lórí jẹ́! Tíṣà rẹ̀ ní ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀jọ ni òpin gbogbo nǹkan."

"Ìyá Jamilah, fi ọmọ sílẹ̀ jàre. Òǹkà kì í pa èèyàn."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ mọ́jú, eegun Jamilah bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ràdíátù ti lọ sí Ìlọrin láti lọ kí àbúrò rẹ̀ tó bímọ. Jàbárù pọn ọmọ náà, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó wọ mọ́tò, ó gbé e dé ọsibítù ìjọba kan tí n kò ní í dárúkọ. Èrò tó wà níbẹ̀ tó dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Òfin ibẹ̀ sì rọrùn: nọ́ọ̀sì kan ń gbé bébà kiri, ó ń bi kálukú pé láti oókan dé ẹ̀wá, mélòó ni ìrora rẹ̀. Ẹni tó bá sọ mẹ́wàá ló ń kọ́kọ́ rí dókítà.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó yé ará Àbújá. "Góómà!" ni bàbá Haúsá kan tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ń pariwo, ìyẹn mẹ́wàá lédè wọn, kí nọ́ọ̀sì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Obìnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà ní tòun jẹ́ méjìlá. Ọkùnrin kan tó kàn wá gba èsì àyẹ̀wò náà ní mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n bi í pé níbo ló ti ń dùn ún, ó ní òun ṣì ń wá ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà, ará Kàbà, gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Láti oókan dé ẹ̀wá, mélòó ló ń dùn ẹ́?"

Jamilah ò sunkún. Ó ti fi eyín há ètè ìsàlẹ̀ títí ó fi funfun. Ó rántí pé nọ́ọ̀sì kì í ṣe ará Súńsù, ó sì bá a túmọ̀ rẹ̀.

"Mẹ́jọ, mà."

"O káre! Akin ọmọ." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jókòó sí ìhà ibẹ̀ yẹn. Àwọn oní-mẹ́wàá la ó kọ́kọ́ gbà wọlé."

Jàbárù dúpẹ́. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀. Mẹ́jọ, ó ṣì ku méjì kó tó kún. Ọkùnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ dá Súńsù sílẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó sì fi ìka Àbújá kà á.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, bàbá ẹlẹ́gùn-ún ti jáde pẹ̀lú báńdéèjì tó tó láwàní, ó sì ń kí gbogbo ènìyàn ní sànnu. Obìnrin ẹlẹ́pà ti wọlé, ó ti jáde. Jamilah wá fa ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

"Dádì, ṣé àwọn aládùúgbò ò tíì dé ni?"

"Aládùúgbò wo?"

"Mo ṣáà sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ti di bámú. Ẹ ní èyí tó bá lé, ẹlòmíràn á wá gbé e. Gbogbo ẹ̀ ṣì wà lára mi."

Jàbárù fò dìde. "Bámú!" ló ń ké. "Bámú lọmọ mi sọ! Ó ti kún látàárọ̀!" Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. "Kai, málàm, fara balẹ̀," ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń wí, ó sì dì í mú ní àyà. Kó tó yé wọn pé mẹ́jọ ni gbogbo ohun tí ọmọ náà ní, pé kò sí òmíràn tó lè sọ lẹ́yìn rẹ̀, ìka ọwọ́ ọ̀tún Jamilah ti ṣí sílẹ̀ fúnra wọn, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dókítà sáré jáde. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dí lọ́nà ọpọlọ.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè sọ?"

"Ó sọ ọ́," ni Jàbárù wí. "Ọmọ mi sọ ọ́."

Nínú gbogbo èrò ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ òótọ́, inú irọ́ bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Ẹnu padà bọ̀ sípò, ọwọ́ ọ̀tún kò padà. Dókítà ní kí wọ́n máa retí ìrora náà, torí yóò tún wá. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Jàbárù jókòó ti ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ ìránṣọ Ràdíátù ń ró lẹ́yìn wọn.

"Ìròyìn dé láti Súńsù," ló wí. "Wọ́n ti fi méjì kún òǹkà. Lẹ́yìn bámú, háà ló kàn. Lẹ́yìn háà, yéè. Yéè ni mẹ́wàá. Tí nọ́ọ̀sì bá ti bi ẹ́, yéè ni kó o sọ, kódà tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀."

Jamilah wo ọwọ́ tó sùn sórí itan rẹ̀. "Ìka wo la máa fi kà wọ́n?"

"Àwọn méjì tí mo fi sílẹ̀ ní Kugbo."

"Àwọn aládùúgbò wá ńkọ́? Ta ló máa wá gbé èyí tó lé?"

Ràdíátù dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Wọ́n ti kó kúrò," ni Jàbárù wí. "Ó yá, kà á kí n gbọ́."

Jamilah fi ọwọ́ òsì ṣí ìka ọwọ́ ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kà á dé bámú. Ó dúró.

"Háà," ló wí jẹ́jẹ́. "Yéè."

"Ké e sókè," ni bàbá rẹ̀ wí. "Báyẹn, wọn ò ní í gbọ́."