Ìwé Ìròyìn Kan, Ìhà Méjì, ní Carey Street

Mo rántí ìgbà tí òjò Monrovia máa ń lu páànù ṣọ́ọ̀bù Bàbá aláṣọ ní Carey Street, débi pé mo ní láti pariwo kí àwọn tó jókòó níbẹ̀ tó gbọ́ ohun tí mo ń kà. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nílé, ní Nàìjíríà. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí mo wá ṣe tíṣà níbẹ̀, ni àwọn oníṣòwò wa fi ṣe ẹnu ìwé ìròyìn. Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, wọn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èmi á sì máa tú u sí Yorùbá fún wọn. Ọmọ Bàbá aláṣọ wà lójú ogun, ó ń jà fún ìjọba. Nítorí rẹ̀ ni ìjókòó náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí mo bá ka ohun tí ìjọba sọ, mo máa ń ka ti àwọn tó fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà tẹ̀ lé e. Mo rò pé wọn yóò yìn mí.

Lọ́jọ́ kan mo kà á pé àwọn wọ̀nyẹn ní àwọn ti gba ìlú kan padà. Bàbá olóbì kan láàárín wọn fò dìde.

"Tíṣà, ṣé inú abọ́ kan náà ni ìwọ àtàwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń jẹun ni?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà, sà."

"Ìwé ọlọ̀tẹ̀ nìyẹn! Bá wa wá èyí tó gbọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, télọ̀ Ìgbò kan tó wà ní òdìkejì títì bi mí léèrè ìròyìn. Mo sọ ti ìhà méjèèjì fún òun náà. Ó ká ṣòkòtò mi tí kò tíì rán tán, ó jù ú sí mi: "Ẹni ìjọba, gbé e lọ kí ìjọba bá ẹ rán an!"

Wọ́n wá akọ̀wé báńkì kan tó ń ka ìṣẹ́gun nìkan. Bẹ́ǹṣì kún. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bàbá aláṣọ náà ń jókòó níbẹ̀, ó ń mi orí sí ohun tó ń kà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sọdá afárá wá bá mi ní yàrá mi ní Vai Town, ó fi ìwé ìròyìn pamọ́ sábẹ́ agbádá. Ó yọ ọ́ jáde kí n bá òun kà á.

"Ìlú tí ọmọ mi wà ńkọ́?"

"Ìjọba ní ọwọ́ àwọn ló wà, Bàbá. Àwọn yòókù náà ní ọwọ́ àwọn ni."

"Ta ló ń purọ́ níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó ní: "Akọ̀wé yẹn náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n òun máa ń jẹ́ kí n rí oorun sùn." Ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ.

Ogun parí. Ọmọ náà kò dé.

Mo ti darúgbó báyìí. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ń jiyàn pé ẹgbẹ́ òṣèlú báyìí ló ni oníròyìn báyìí, wọ́n á ní kí n dá ẹjọ́ náà. N kì í bínú, n kì í sì í rẹ́rìn-ín. Bàbá aláṣọ ni mo máa ń rántí. Ọmọ ni Bàbá ń wá, ìhà méjì ni mo fún un. Títí di òní, n kò mọ ohun mìíràn tí ǹ bá fún un.