Búrẹ́dì Abẹ́ Áyọ́ọ̀nù

Búrẹ́dì ló pa mí lẹ́kún láàárọ̀ yìí.

Kò síná fún ẹ̀rọ tí a fi ń yan búrẹ́dì. Mo fi fọ́ìlì wé búrẹ́dì tí mo ki ẹyin sí láàárín, mo fẹ́ fi ìkòkò omi tẹ̀ ẹ́ nínú agbada. Bàbá mi ní, "Ìyẹn kọ́ o. Gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú mi wá."

Télọ̀ ni wọ́n kí àìsàn tó mú apá ọ̀tún wọn. Áyọ́ọ̀nù yẹn ni wọ́n fi ń tẹ búrẹ́dì fún wa nígbà náà.

Mo gbé e wá, mo kó èédú tó ń jó sínú ẹ̀, mo sì fẹ́ bá wọn dì í mú.

"Fi mí sílẹ̀, Ràbí. Ta ló kọ́ ẹ?"

Wọ́n gbé e lé búrẹ́dì, àmọ́ agbára àtitẹ̀ ẹ́ ò sí.

"Ṣé ó ti tẹ́?"

Búrẹ́dì ṣì wú. Mo ní, "Ó ti tẹ́, Bàámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "O ò mọ irọ́ọ́ pa."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ?