Agolo Òtílí Ìyá Mi

Yàrá ìwádìí kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ẹ́síréè kan wà níbẹ̀ tó ga bíi fíríìjì, ilẹ̀kùn irin rẹ̀ nípọn. A kì í fi ya àwòrán egungun ẹnikẹ́ni. Sẹ́ẹ̀lì, àwọn èérún ara tí ojú lásán kò lè rí, ni a ń kó sínú rẹ̀, kí ìtànṣán lè dá ìdàgbà wọn dúró. Ṣùgbọ́n bí ìtànṣán náà bá mọ níwọ̀n, ó lè yí irúgbìn padà sí rere. Ìyẹn ló kó sí mi lórí.

Ìyá mi, tó wà ní Ògòtún, ní òtílí kan, irú ẹ̀wà kan tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó dùn, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó so. Agolo mílíìkì kan péré ló kù, lókè ààrò. Mo ní n óò sọ ọ́ di èyí tó ń tètè so. Ó ní kí n mú ìdajì. Èmi alákọ̀wé, mo kó gbogbo rẹ̀: àpò kan fún ẹ̀rọ, àpò kejì tí ẹ̀rọ ò ní kàn, kí n lè fi wọ́n wéra. Mo ṣèlérí pé àpò kejì yóò padà wálé.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ṣe é, iná dé lójijì, gbogbo wa sáré. Obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbé sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n yára kí wọ́n tó mú iná lọ. Mo ti abọ́ tí mo kó irúgbìn sí bọ inú ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnnì. Ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn ni mo rí i pé àpò méjèèjì ló wà nínú abọ́, àti pé mo ti jẹ́ kó pẹ́ jù. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tì rọ̀ mọ́: iná ni mo dá lẹ́bi.

Mo gbé àpò kan padà fún ìyá mi, mo ní ẹ̀rọ ò kàn án. Irọ́ ni mo pa.

Ó gbìn ín, ó sì hù. Ó pè mí lórí fóònù: “Òtílí ìyé mi ti hù o! O kú uṣẹ́, ọmọ mi.” Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó sì kú.

“Ọwọ́ mi ló ti gbó,” ló wí. “Ohun tí mo bá gbìn kò lè yè mọ́.”

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ojú tì mí. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nígbà tí òjò ọdún yìí dé, mo lọ kí i. Ó mú ọkọ́ rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi etí ìró nù ún.

“Mú u lọ,” ló wí. “Ọwọ́ tìrẹ dára.”

Mo nawọ́, mo gbà á.