Aṣọ Olódòdó Lókè Òkun Pupa

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Abdulmajeed Ọládòṣù, ṣùgbọ́n ọjà Aswani ní Èkó ló sọ ọ́ di àgbà. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti kọ́kọ́ hù ú ló ti ń ta aṣọ níbẹ̀, Kano ló sì ti ń ra èyí tó pọ̀ jù. Ó gbà pé Ọlọ́hun tó ń bọ́ ẹyẹ kò ní fi ebi pa òun; ìgbàgbọ́ náà kò já a kulẹ̀ rí.

Nígbà tí Ọlọ́hun pè é sí Mẹ́kà fún Úmúrà, ìrìn àjò mímọ́ kékeré, gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Okota ló gbọ́ ìṣirò ọ̀nà.

"Láti Èkó dé Jẹ́dà, ó lé ní ẹgbàajì kìlómítà. Ìlọ́po mẹ́rin Kano! Kano ń gba ọ̀sán àti òru lójú títì, ṣùgbọ́n wákàtí márùn-ún àtààbọ̀ ni bàálù yóò fi gbé wa dé Jẹ́dà. Ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́hun?"

Àwọn ará mọ́sálásí gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ró ìhrámù láti ilé, ìyẹn aṣọ funfun méjì tí a kò rán, tí ọkùnrin ń ró kí ó tó kọjá ààlà ilẹ̀ mímọ́. Ó ní bí àwọn bá jẹun tán nínú bàálù, òun yóò ró o. Ó wá dì í bí àwọn aláṣọ ti ń di ẹrù: èyí tó dára jù ni wọ́n ń fi sí àárín gbùngbùn. Ikùn àpò ńlá ló fi í sí, ó sì fà á lé àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú lọ́wọ́.

Wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó pe ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi sọ ẹrù mi kalẹ̀. Mo fẹ́ mú aṣọ."

"Bàbá, abẹ́ bàálù lẹrù wà. Ó di Jẹ́dà."

"Lójú ọ̀nà Kano, bí mo bá bẹ dẹ́rẹ́bà, á dúró, a ó tú ẹrù."

Ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Alájì, ẹ ní kí páílọ́ọ̀tì páàkì!"

Abdulmajeed kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà ti ń tán lọ, lókè Òkun Pupa ni wọn yóò sì ti kọjá ààlà náà kí bàálù tó balẹ̀ ní Jẹ́dà. Bí ó bá fi agbádá kọjá ààlà, ìrìn àjò tó ti ń tọrọ láti ìgbà èwe yóò lábùkù. "Olúwa, Ìwọ lo pè mí," ni ó wí, ọkàn rẹ̀ sì rọlẹ̀, nítorí kò tíì gbọ́ pé Ọba yìí pe àlejò kí Ó tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mardiyah, ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í, ṣí báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ó fa àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà yọ, aláwọ̀ ewé, olódòdó pupa, tí Nafeesah ọmọ wọn rà fún un pé kí ó fi rán ìró àti bùbá.

"Bàbá Nafeesah, a kò tíì rán an. Ẹ gbà."

"Olódòdó?"

"Rírán ni wọ́n kọ̀, wọn ò kọ àwọ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé aṣọ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló dára jù?"

Kò sí sísọ́ọ̀sì. Abdulmajeed ṣẹ́ aṣọ náà po sí méjì, ó fi eyín já etí rẹ̀, ó sì fà á ya gbọnrangandan, fàà! bí ẹni tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń sùn jí.

"Alájì, ṣé ẹ fẹ́ lọ gbéyàwó ni?" ni ọkùnrin iwájú bi í.

"Àlejò Ọba ni mí, àbúrò. Ọba náà ò béèrè òdòdó lọ́wọ́ mi, kò sì ní kí n yọ ọ́."

Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó jáde pẹ̀lú ọ̀kan ní ìdí, ìkejì ní èjìká, kò sì dé fìlà. Kò tíì jókòó tí ohùn páílọ́ọ̀tì fi kéde pé ààlà ti súnmọ́. Abdulmajeed ló kọ́kọ́ gbóhùn sókè: "Lábáíkà! Olúwa, mo ti jẹ́ ìpè Rẹ!"

Ọkùnrin iwájú ló kọ́kọ́ gbè é, kí gbogbo bàálù tó gbà á lẹ́nu wọn.