Òróró Ara Ògiri

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láàrin àwọn ọdún 1990 ni pé kí n máa lẹ bébà mọ́ ògiri onílé kiri abúlé ẹ̀gbẹ́ Lálúpọn. A ó ti rẹ bébà náà sínú òróró, kí kòkòrò tín-ín-tín kan tó ń sá pamọ́ sínú ihò ògiri amọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn. Kò tó ẹ̀fọn rárá. Àwọn ọ̀gá mi fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì kan káàkiri, tí gbogbo ayé ń pe àìsàn rẹ̀ ní ibà lásán.

Màmá aládùúrà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́ ọmọ ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí mo lẹ bébà mẹ́rin sí yàrá wọn, ara ọmọ náà gbóná janjan. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ọjọ́ kẹta tí mo padà lọ kó bébà, ògiri ti ṣófo. Màmá ti ká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ti fi òróró ibẹ̀ pa ọmọ náà lára látorí délẹ̀. Òkú kòkòrò ń bẹ nínú irun rẹ̀.

“Ha! Màmá, kí lẹ ṣe báyìí? Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́!” Inú bí mi, n kò ní purọ́.

“Iṣẹ́ wo? Ṣebí mo rí ẹnu rẹ tó ń mì wúyẹ́wúyẹ́ kí o tó lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ẹni tó ń gbàdúrà. Ọsibítù wo la tún ń wá?”

Yéè! Mo ń ka iye bébà kí n má baà ṣì í kà ni! Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ń rẹ́rìn-ín sí mi, ọmọ náà sì lajú wò mí. Bébà àti pẹ́ńsù ló wà nínú àpò mi, kò sí oògùn kankan. Mo kàn ní, “Ẹ ṣáà gbé e lọ sí ọsibítù.”

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti sin ín. A kò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí náà n kò mọ ohun tó pa á títí dòní. Àwọn ọ̀gá mi ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ fáírọ́ọ̀sì yẹn ni, kò sí oògùn rẹ̀. Kò tù mí nínú.

Màmá kò bú mi. Wọ́n kàn ní, “Ọmọ mi, àdúrà wo lo gbà gan-an?”

Mo dorí kodò. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin ni.